Ìlú Regensburg Létí Odò Danube, àti Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Níbẹ̀ fún Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ìlú sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú)

 

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ rán àwa tí a ń gbé ilẹ̀ Jámánì ni pé kí a wá sọ ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe tí àlejò fi ń wọ́ tọ̀ wọ́n lọ. Ìlú tí a lè mẹ́nu bà pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lé eku méjì pọ̀ yóò pòfo. Nítorí náà ìlú kan ṣoṣo ni a mú. Regensburg ni orúkọ rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Bavaria, níbi tí odò Regen gbé ń ṣàn wọ inú odò ńlá Danube.

Ìlú àtijọ́ ni. Ní ọdún 179 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, ní ayé Ọba Marcus Aurelius, ni àwọn ará Róòmù kọ́ odi ológun síbẹ̀ láti máa ṣọ́ ààlà ilẹ̀ wọn. Ẹnu-ọ̀nà odi náà tí ó kọjú sí odò, èyí tí wọ́n ń pè ní Porta Praetoria, ṣì wà níbẹ̀ di òní. Ilé tí àwọn ìran tí ó dé lẹ́yìn kọ́ ti bò ó mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó tún yọ síta ní ọdún 1885. Wọn kò wó o láti fi òkúta rẹ̀ kọ́ ilé. Wọ́n fi í sílẹ̀ mọ́ ara ògiri, ẹni tí ó bá ń kọjá lọ sí ọjà lè fi ọwọ́ kàn án.

Ohun tí àlejò kọ́kọ́ ń bèèrè ni Afárá Òkúta. Ọdún 1135 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1146. Ó gùn ju 300 mítà lọ. Ní ọdún 1189, láti Regensburg ni Ọba Frederick Barbarossa àti ogun rẹ̀ ti gbéra nígbà tí wọ́n ń lọ sí Ilẹ̀ Mímọ́. Àwọn afinimọ̀nà a máa pa ìtàn kan nípa rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀gá tí ó kọ́ afárá bá ọ̀gá tí ń kọ́ Kàtídírà ta á pé ta ni yóò kọ́kọ́ parí iṣẹ́, ni ó bá lọ bẹ Èṣù lọ́wẹ̀. Èṣù gbà, ó ní ẹ̀mí mẹ́ta tí ó bá kọ́kọ́ kọjá lórí afárá ni kí a fún òun. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ọ̀gá wa kó àkùkọ, àgbébọ̀ adìyẹ àti ajá síwájú. Nígbà tí gbogbo ènìyàn bá rẹ́rìn-ín tán, afinimọ̀nà yóò wá sọ òtítọ́ fún wọn pé afárá ti parí ní ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ Kàtídírà tí ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí. Èyí dùn mọ́ wa nínú: wọ́n pa àlọ́ gẹ́gẹ́ bí àlọ́, wọ́n sì sọ ìtàn gẹ́gẹ́ bí ìtàn.

Kàtídírà Pétérù Mímọ́ ń kọ́? Nǹkan bí ọdún 1273 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 1869 ni wọ́n tó parí ilé ìṣọ́ rẹ̀ méjèèjì, tí ó ga tó 105 mítà. Ẹni tí ó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ kò rí òrùlé. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ pàápàá kò rí i. Síbẹ̀ wọn kò pa á tì. Àwọn ọmọdékùnrin akọrin ibẹ̀, tí ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ wọn ti wà láti ọdún 975, ṣì ń kọrin níbẹ̀.

Nínú gbọ̀ngàn ìlú àtijọ́ ni ìgbìmọ̀ àwọn ọmọ ọba àti aṣojú gbogbo ilẹ̀ ọba náà ti jókòó láti 1663 títí di 1806. Ẹnikẹ́ni kò lè dá wọ inú gbọ̀ngàn yìí. Afinimọ̀nà ni yóò mú un wọlé. Lẹ́yìn tí ó bá ti fi ọlá hàn wọ́n tán lókè, yóò mú wọn sọ̀kalẹ̀ lọ sí iyàrá tí wọ́n ti ń dá àwọn tí a fẹ̀sùn kàn lóró láyé àtijọ́. Ibẹ̀ kò jìnnà sí ilé tí Johannes Kepler, onímọ̀ ìràwọ̀ ńlá, kú sí ní ọdún 1630. Ó wá béèrè owó tí ìjọba jẹ ẹ́ ni, kò sì padà sílé mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí gbàgede kan tí wọ́n ń pè ní Neupfarrplatz. Àdúgbò àwọn Júù ni níjọ́ kìn-ín-ní. Ní ọdún 1519 ni àwọn ará ìlú lé wọn jáde, tí wọ́n wó ilé wọn àti sínágọ́gù wọn. Nígbà tí wọ́n hú ilẹ̀ náà láti 1995 sí 1998, ìpìlẹ̀ àwọn ilé wọ̀nyí yọ. Dípò kí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ bo ìtìjú mọ́lẹ̀, wọ́n ṣí apá kan sílẹ̀, afinimọ̀nà sì ń mú àlejò sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó. Lórí ilẹ̀, Dani Karavan, oníṣẹ́-ọnà ará Ísírẹ́lì, fi iṣẹ́-ọnà funfun ya ipò tí sínágọ́gù náà wà; àwọn ọmọdé ń ṣeré níbẹ̀, àgbà ń jókòó sí i. Sínágọ́gù mìíràn tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọlẹ́yìn Hitler dáná sun ní ọdún 1938. Òmíràn tún dúró níbẹ̀ láti ọdún 2019.

Ìtàn tí ó wọ̀ wá lára jù lọ ni ti oṣù kẹrin ọdún 1945. Ogun ń parí lọ, àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà ti súnmọ́ tòsí, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ní dandan ni kí ìlú jà. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ogunlọ́gọ̀ àwọn ará ìlú, tí obìnrin pọ̀ nínú wọn, péjọ láti bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi ìlú sílẹ̀ láìjà. Àlùfáà Johann Maier, oníwàásù Kàtídírà, bọ́ síwájú láti bá wọn sọ̀rọ̀. Kò tí ì sọ̀rọ̀ jìnnà tí wọ́n fi mú un. Lóru ni wọ́n dá a lẹ́jọ́, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 24 wọ́n so ó rọ̀. Ní ọjọ́ 23 yẹn kan náà ni àwọn ológun fi ẹ̀tù fọ́ apá kan Afárá Òkúta. Ní ọjọ́ 27, ìlú bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà láìjà. Ẹni tí ó bá rí ilé àtijọ́ wọ̀nyẹn lónìí, kí ó rántí pé àwọn kan kú nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ìlú wọn yè.

Wọ́n tún afárá náà ṣe. Nígbà tí ó yá, wọ́n rí i pé ọkọ̀ ń pa á lára, wọ́n dá ọkọ̀ àdáni dúró ní 1997, wọ́n dá bọ́ọ̀sì dúró ní 2008. Láti 2010 sí 2018 ni wọ́n fi tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ni a fi ń gbà á lónìí. Ó ni ẹlẹ́rù lára, ṣùgbọ́n wọ́n fara mọ́ ọn. Ní ọdún 2006, àjọ UNESCO kọ orúkọ àárín ìlú náà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti gba irú ọlá bẹ́ẹ̀ ní 2005, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ti òyìnbó nìkan ni.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, kí ni èyí kàn wá? A kò ní Kàtídírà tí ó ga tó 105 mítà. Ṣùgbọ́n a ní odi tiwa, a ní ẹnubodè tí ó ní orúkọ, a ní odò tí ó ní ìtàn. Lọ́dọọdún ni àwọn tí ó mọ orúkọ wọ̀nyí ń dín kù. Bí katakata bá gba orí odi kọjá lónìí, kò sí ọgbọ́n tí a lè fi tún un kọ́ lọ́la. Bí àgbà bá sì kú láìsọ, bákan náà ni.

Ẹ̀bẹ̀ wa kò pọ̀. Èkíní, kí ẹgbẹ́ yan àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ̀wé, kí wọ́n jókòó ti àwọn àgbà, kí wọ́n kọ ohun gbogbo sílẹ̀, èyí tí ó yẹni àti èyí tí kò yẹni. Èkejì, kí a má ṣe fọwọ́ sí ọ̀nà tuntun tàbí ilé tuntun kan tí yóò gba orí odi, títí a ó fi mọ ibi tí odi náà gbà. Bí a bá ṣe èyí tán, àwọn ọ̀dọ́ yẹn kan náà ni yóò di afinimọ̀nà. Àlejò yóò sanwó fún wọn, yóò sì ra oúnjẹ lọ́jà. Àwa tí a wà lẹ́yìn odi ti múra láti dá owó ìwé àti ti ìwọ̀n ilẹ̀.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé wa dáadáa, kí àwọn ọmọ tí yóò jẹ́ orúkọ náà lè rí ilé tọ́ka sí. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wa sí, kí ó sì gbé ìlú wa ga.