Omi Dànù, Agbè Kò Fọ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Agodi, Ìbàdàn

 

Ẹ kò ní ṣàìrántí pé ní ìpàdé èṣí, àwọn kan nínú yín béèrè ohun tí àwa tí ẹ fi ṣe olùtọ́jú yàrá ìkàwé ẹgbẹ́ ń ṣe, tí omi fi dà sínú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹ́ fowó rà. Ìbéèrè náà tọ́. Ẹni tí a fi owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣọ́ kò gbọdọ̀ fajú ro nígbà tí a bá ní kí ó wá jíhìn. Nítorí náà ni a ṣe dìde lónìí, kí á lè sọ bí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí a ti ṣì í ṣe, àti ibi tí a bá a dé.

Ẹ̀rọ yìí ni a fi ń tọ́jú ohùn àti àwòrán àwọn àgbà àdúgbò wa. Ọdún kẹta nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ti ń lọ láti agboolé dé agboolé, láti Yemẹtu dé Ọjẹ́, títí dé Bẹẹrẹ àti Bẹ́yẹrúnká, tí wọ́n ń gba ìtàn ìdílé àti oríkì sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Méjì nínú àwọn àgbà náà ti lọ sí ilé ìsinmi. Ohùn wọn kò sí níbòmíràn mọ́ bí kò ṣe nínú àkójọ wa.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ títo àwòrán tí ń rìn pọ̀ jẹ́ iṣẹ́ agbára fún kọ̀ǹpútà. Nígbà tí oòrùn oṣù kejì ọdún bá mú, tí yàrá ìkàwé gbóná dé ìwọ̀n 34 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà a máa gbóná dé 100, ẹ̀rọ a sì pa ara rẹ̀ kí ó má baà jóná. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta a di asán lójú ẹsẹ̀. Bí a bá tún bẹ̀rẹ̀, a tún di bákan náà.

Àwọn kan sọ pé irú ẹ̀rọ báyìí kò yẹ irú àdúgbò wa. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní Agodi níhìn-ín ni tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Ní ọdún 1963, ilé-iṣẹ́ IBM dá ibùdó ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún Áfíríkà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí wa. Ọmọ tí a bí sí ẹ̀gbẹ́ odò kò yẹ kí ó máa bẹ̀rù omi.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ṣàlàyé ìdí tí ooru fi ń yọ ẹ̀rọ lẹ́nu. Iná mànàmáná tí ó bá wọ inú ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ooru ni ó ń dà nígbẹ̀yìn. Bí ó bá ń jẹ iná wọ́ọ̀tì 95, ooru wọ́ọ̀tì 95 ni a gbọ́dọ̀ máa kó kúrò lórí ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ 386 wà lóde, ọ̀pọ̀ wọn kò ní fáànù lórí ọpọlọ rárá. Bí agbára ẹ̀rọ ti ń pọ̀ sí i ni ooru rẹ̀ náà ń pọ̀ sí i.

Àpótí kọ̀ǹpútà wa jẹ́ àpótí irin àtijọ́, ó nípọn, ó sì wúwo. Ihò fáànù kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ihò mílímítà 80. Iwájú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pátápátá. Ẹ lè béèrè pé èé ṣe tí a kò fi gbé e jù sí ààtàn, kí á ra tuntun. Ìdí méjì ni. Ìkíní, owó kò sí. Ìkejì, àpótí náà tẹ̀lé ìlànà ATX tí ilé-iṣẹ́ Intel gbé jáde ní ọdún 1995, èyí tí ẹ̀rọ òde òní ṣì ń tẹ̀lé. Nítorí náà, ibi tí a ti ń de bóòtù nígbà náà lọ́hùn-ún ni a ti ń dè é títí di òní. Ogbó kò sọ irin tí ó gún régé di asán.

Omi ni a wá ronú kàn. Bí a bá bu ìgò omi kan àti ìgò afẹ́fẹ́ kan tí ó tó o, omi yóò gbé ooru tí ó ju ìlọ́po 3,000 ti afẹ́fẹ́ lọ kí ó tó móoru bákan náà. Gbogbo awakọ̀ ni ó mọ èyí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni rédíétọ̀ ti ń ṣe nínú ọkọ̀: póǹpù a ti omi lọ sára ẹ́ńjìnnì, omi a gbé ooru, a mú un wá sí rédíétọ̀, fáànù a sì fẹ́ ooru náà dànù. Àwọn ẹ̀rọ ńlá ti lo omi láti ìgbà pípẹ́: IBM 3081, tí wọ́n kéde ní ọdún 1980, omi ni ó ń mú un tutù. Ní ọdún 2004, Apple náà ta kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí oje ń ṣàn nínú rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí kan náà.

Ọmọ kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa bi wá pé ṣé omi náà yóò tutù bí omi inú àmù. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Àmù ń làágùn. Omi tí ń yọ lára rẹ̀ tí ń bá afẹ́fẹ́ lọ ni ó ń gbé ooru lọ, tí omi inú rẹ̀ fi tutù ju yàrá lọ. Ṣùgbọ́n omi inú kọ̀ǹpútà wà ní títì pa, kò rí ibi làágùn. Bí yàrá bá wà ní 34, omi náà kò lè tutù ju 34 lọ láé. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé òun ó fi irú omi bẹ́ẹ̀ sọ ẹ̀rọ di yìnyín ń tàn yín jẹ ni.

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ òkèèrè bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní nǹkan bí ọdún 2000, ọ̀pọ̀ wọn lo rédíétọ̀ kékeré tí ń bẹ nínú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀, èyí tí wọ́n fi ń mú inú ọkọ̀ móoru nígbà òtútù, àti póǹpù inú àgbá ẹja. Inú wa dùn nígbà tí a mọ èyí. Àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ ń gbé rédíétọ̀ kékeré yìí wọ ìlú wa, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó nílò rẹ̀ nínú ooru Ìbàdàn. A kọjá sí ọjà Àrárọ̀mí ní Géètì, a sì rí i rà ní owó pọ́ọ́kú. Èyí tí a kọ́kọ́ mú jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù; a dá a padà. Bàbà ni irin tí a óò gbé lé orí ọpọlọ ẹ̀rọ, bí omi kan náà bá sì ń ṣàn láàárín bàbà àti alumíníọ́ọ̀mù, alumíníọ́ọ̀mù yóò máa jẹ dànù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lu. Èyí tí a mú bọ̀ jẹ́ bàbà àti idẹ, ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 18, ó fẹ̀ ní 15, ó sì nípọn ní 4. Póǹpù àti irin bàbà ti orí ọpọlọ nìkan ni ó ti òkè òkun wá.

A tú gbogbo ohun tí ń bẹ nínú àpótí jáde. A fi dírììlì yọ àwọn ìṣó tí ó de àgọ́ díìsìkì iwájú, kí àyè lè wà fún rédíétọ̀ àti fáànù. A gé páálí sí ìwọ̀n fáànù mílímítà 120, tí ihò ìdè rẹ̀ jìnnà sí ara wọn ní mílímítà 105, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, a sì fi ayùn gé e. Panẹ́lì bítà kan ní àdúgbò bá wa tẹ irin pẹlẹbẹ tí ó dá fáànù àti rédíétọ̀ pọ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa.

Níhìn-ín ni ẹ̀bi wa wà, a kò sì ní fi pamọ́. Àjọ̀dún ẹgbẹ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, a sì fẹ́ kí ẹ rí iṣẹ́ náà. Ó yẹ kí á fi fáìlì ra etí irin tí a gé, kí á sì fi rọ́bà bò ó. A kò ṣe é. Ó yẹ kí á fi póǹpù nìkan ti omi yípo fún wákàtí 24, láìjẹ́ kí iná dé ibòmíràn nínú ẹ̀rọ, kí á tẹ́ bébà sábẹ́ gbogbo oríkèé kí á lè rí ẹ̀kán omi tí ó bá jò. A kò ṣe é. A tan gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Etí irin mímú náà ti ha rọ́bà omi, omi sì kán sórí káàdì àwòrán. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí káàdì náà fi kú. Kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́ ni ó kánjú. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ wọn ni. Ojú tì wá, nítorí pé ẹnu wa yìí náà ni a fi ń kọ́ ọmọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Ohùn àwọn àgbà kò sọnù, nítorí a ti ṣe àdàkọ wọn sí ibi méjì mìíràn kí á tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Owó káàdì náà, àpò ara wa ni a ti san án. Akápò lè jẹ́rìí.

A tún un ṣe ní sùúrù. A ra gbogbo etí irin, a kùn ún ní ọ̀dà, a fi rọ́bà bò ó. A so gbogbo oríkèé ní kílíìpù. Omi tí a lo ni omi tí a sè tí a sì gba oru rẹ̀ padà, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ bátìrì ń tà. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ásíìdì o, àwọn méjèèjì lè wà lórí àtẹ kan náà. A gbé agolo omi ga ju póǹpù lọ, nítorí póǹpù tí ó bá yí lásán láìsí omi yóò bàjẹ́. A dán an wò fún odidi ọjọ́ kan, bébà gbẹ fúrúfúrú, kí á tó tan ẹ̀rọ.

Kí ni èrè rẹ̀? Kí á tó fi omi sí i rárá ní ẹ̀ẹ̀kejì, a kọ́kọ́ gbọn eruku rẹ̀, a pààrọ̀ ìpara tí ń bẹ láàárín ọpọlọ ẹ̀rọ àti irin tí ń gba ooru rẹ̀, a sì jẹ́ kí fáànù ńlá fẹ́ afẹ́fẹ́ gba ihò tuntun náà. Ooru tí í máa dé 100 kò kọjá 84 mọ́. Nígbà tí a wá fi omi sí i, ó wálẹ̀ sí 68, nínú yàrá kan náà, lọ́sàn-án gangan. Láti ìgbà náà ẹ̀rọ kò tíì pa ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí ooru.

Nítorí náà, òtítọ́ ni a óò sọ fún yín. Ẹni tí ó ń fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ lẹ́tà tàbí ṣírò owó kò nílò omi nínú rẹ̀. Kí ó gbọn eruku, kí ó pààrọ̀ ìpara, kí ó sì ṣí ọ̀nà fún afẹ́fẹ́, ó tó. Iṣẹ́ wíwúwo tí kò dúró nìkan ni omi yẹ fún, ẹni tí ó bá sì lò ó gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù.

Ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni a ní. A gbọ́ pé àwọn kan ń gbèrò kí á ti yàrá náà pa nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Bí ẹnìkan bá yẹ fún ìbáwí, àwa ni. Èkejì, kí ẹgbẹ́ pàṣẹ pé a kò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ kankan tí a tún ṣe, láìjẹ́ pé ẹni méjì ti fọwọ́ sí ìwé pé a ti dán an wò. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin ajórin àti ẹ̀yin tí ń tún rédíétọ̀ ṣe, tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ máa yọjú sí àwọn ọmọ náà lọ́jọ́ Sátidé. Ohun tí ẹ mọ̀ ni ohun tí wọ́n ń wá nínú ìwé.

Àwọn àgbà tí wọn kò tíì bá sọ̀rọ̀ ṣì pọ̀ ní Agodi. Ẹ̀rọ ti ṣe tán. Ẹ jẹ́ kí á lọ bá wọn nígbà tí ohùn wọn ṣì ń jáde.