Kí Ni Ó Wà Nínú Ilé Ahoro?

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ kó ara yín jọ sí ìdí rédíò, ọ̀rọ̀ yín gan-an ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Ó ṣòro kí a rí àdúgbò tí kò ní ilé kan tí àwọn ọmọdé máa ń sáré kọjá níwájú rẹ̀. Ìbáà ṣe Ọ̀tọ̀, ìbáà ṣe Ìdó tàbí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ilé bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n. Onílé ti kú tàbí ó ti kó lọ. Fèrèsé ti jábọ́, koríko ti bo ẹnu ọ̀nà. Wọn a ní bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹnìkan a máa rìn lórí àjà. Wọn a ní iwin ló ń gbé ibẹ̀. Bí ilé-ìwé bá wá gba ìsinmi, ọ̀rẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin a pa ìmọ̀ pọ̀ pé àwọn yóò wọ inú rẹ̀ lọ wò ó.

Èmi kò ní bá yín wí pé ẹ fẹ́ mọ nǹkan. Ẹni tí kò fẹ́ mọ nǹkan, kí ni yóò lọ ṣe ní ilé-ìwé? Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé bí a bá ti fi ẹ̀rù iwin di ojú wa, a kò ní rí ewu tòótọ́ tí ó wà nínú ilé ahoro, a kò sì ní rí ohun iyebíye tí ó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti ẹni tí ń rìn lórí àjà. Páànù tí oòrùn ti pa láti àárọ̀ a máa fẹ̀. Bí alẹ́ bá lẹ́ tí ara rẹ̀ tutù, a tún sún kì. Nígbà tí ó bá ń sún kì báyìí ni yóò máa dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí ẹsẹ̀ ènìyàn. Igi òrùlé náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Òwìwí fẹ́ràn ilé tí kò sí ẹnìkan nínú rẹ̀. Irú rẹ̀ kan wà tí ojú rẹ̀ funfun, tí igbe rẹ̀ sì dà bí ìgbà tí obìnrin bá ké. Àdán náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ gbogbo èyí nínú òkùnkùn, tí ó ti gbọ́ ìtàn iwin tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní dúró láti wádìí.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé nítorí pé páànù ni ó ń dún, ewu ti tán nìyẹn. Pákó tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ lè dà bí pákó gidi lójú, kí ó sì dá mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀. Ìṣó tí ó ti dípẹtà lè gún ni, kí àrùn ipá sì ti ibẹ̀ wọlé. Ejò fẹ́ràn àlàpà. Kànga àtijọ́ ni ó burú jù, nítorí pé afẹ́fẹ́ búburú lè jókòó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ojú kò sì lè rí i. Ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ a dákú. Ọ̀rẹ́ tí ó bá bẹ́ sí i láti gbà á là a dákú tẹ̀lé e. Àwọn ará ìta a wá wí pé òrìṣà kànga ni ó mú àwọn méjèèjì.

Ògiri pàápàá kì í ṣe ohun àfọwọ́yẹpẹrẹ mú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2022, ilé alájà mẹ́ta wó lulẹ̀ ní òpópó Ìbàdàn, ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ó sì pa ènìyàn. Kì í ṣe ilé ahoro, kì í sì í ṣe iwin ni ó tì í. Bí ilé tí ojú ń bẹ lára rẹ̀ bá lè wó bẹ́ẹ̀, kí ni kí a sọ nípa èyí tí òjò ti ń pa fún ọ̀pọ̀ ọdún?

Ewu kan tún ń bẹ tí ó ju ògiri lọ: ènìyàn ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2014, ní Sókà ní ìlú Ìbàdàn, àwọn ọlọ́kadà ń wá ẹgbẹ́ wọn kan tí ó sọnù. Wọ́n dé inú igbó kan tí àwọn ilé àpatì wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iwin ni wọ́n bá níbẹ̀. Ènìyàn tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè ni wọ́n rí, ebi ti pa wọ́n kan egungun. Wọ́n sì rí egungun àwọn tí ó ti kú. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ibi tí gbogbo ènìyàn ti gbé ojú kúrò, ibẹ̀ ni oníṣẹ́ ibi ń wá. Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà, bí ọmọ bá sọ pé òun gbọ́ ohùn nínú ilé àpatì, ẹ má kàn rẹ́rìn-ín, ẹ má sì kàn ní kí ó yáa máa gbàdúrà. Ẹ pe ọlọ́pàá. Ní Èkó, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì ni 767 tàbí 112.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti ohun iyebíye. Láti Ọ̀tọ̀ sí ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta kò jìnnà. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Jaekel House, tí a kọ́ ní ọdún 1898, nígbà tí ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nà láti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Orúkọ Francis Jaekel, ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ rélùwéè, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ilé náà di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ kan tí ó fẹ́ràn ohun àtijọ́, Legacy 1995, wọ inú rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì tún un ṣe. Ní ọdún 2010, ó di ilé tí a kó ohun ìrántí rélùwéè sí.

Gbogbo ilé kọ́ ni ó rí olùgbàlà. Ilojo Bar tí ìdílé Fernandez kọ́ sí gbàgede Tinúbú ní nǹkan bí ọdún 1855, ní àrà àwọn Àgùdà, ìjọba ti sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ohun tí ó wà lára rẹ̀ láti kọ́ wa ti bá a lọ.

Báwo ni kí ọ̀rẹ́ ṣe lọ wo ibi bẹ́ẹ̀? Ẹ rántí ìwé tí D. O. Fágúnwà kọ ní ọdún 1938, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀. Nígbà tí Àkàrà-Ògùn ń lọ sí Òkè Láńgbòdó, ọba ni ó rán an. Kò dá lọ. Àwọn akọni bá a lọ, ọ̀kan nínú wọn sì ń jẹ́ Ìmọ̀dòye. Ẹ̀yin náà, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé, nítorí pé kò sí ilẹ̀ tí kò ní olúwa. Ẹ mú àgbàlagbà dání. Ọ̀sán ni kí ẹ lọ. Ẹ wọ bàtà, kí ẹnìkan ní ilé mọ ibi tí ẹ wà. Ẹ má gun àjà, ẹ má sún mọ́ kànga. Bí ọ̀rẹ́ yín bá jìn sí kòtò, ẹ má bẹ́ tẹ̀lé e. Ẹ sáré pe àgbà.

Bí ẹ bá sì dé ibẹ̀, ẹ béèrè pé: ta ni ó kọ́ ilé yìí? Iṣẹ́ wo ni ó ṣe? Èéṣe tí wọ́n fi kúrò níbẹ̀? Ẹ lọ bi àwọn bàbá àti ìyá àgbà àdúgbò léèrè, kí ẹ sì kọ èsì wọn sínú ìwé, nítorí pé àwọn pàápàá kò ní wà níbẹ̀ títí láé.