Ọwọ́ Tí Ń Tọ́jú Ilé: Ohun Tí A Lè Kọ́ Lára Àwọn Ará Abúlé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Àpéjọ Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa)

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìgbìmọ̀ tí ó ní kí a wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àtinúwá fún ìlú ẹni. Àpẹẹrẹ òkèèrè kan ni a yàn, èyí ni bí àwọn ará abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ọwọ́ ara wọn tọ́jú ilé ìjọsìn àgbègbè wọn, pàápàá jùlọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. A bẹ ẹ̀yin ará wa Mùsùlùmí àti ẹ̀yin tí ẹ ń sin òrìṣà ìlú kí ẹ má ṣe rò pé ìwàásù ni a fẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ ilé tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn ni a fẹ́ sọ, àti ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí ń tọ́jú irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ náà kì í ṣe àjèjì sí wa. Ìlú Exeter ni Henry Townsend ti wá, ẹni tí ó kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1843. Ní ọdún 1843 náà ni Àjàyí Crowther di àlùfáà ní London; ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wọn wọ̀ dáadáa, ni a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ìdúpẹ́ ìkórè tí àwọn ìjọ wa ń ṣe lónìí pàápàá, Robert Stephen Hawker, àlùfáà abúlé Morwenstow ní Cornwall, ni a gbà pé ó dá irú rẹ̀ sílẹ̀, ní ọdún 1843 kan náà.

Ẹ̀ẹ̀rùn wọn kò rí bí tiwa. Kò sí ọyẹ́, kò sì sí eruku pupa. Láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹjọ ni ó ń jẹ́. Ní àárín oṣù kẹfà, oòrùn a ti yọ kí aago márùn-ún ìdájí tó lù, kì í sì í wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ yóò fi kọjá. Nítorí náà, ẹni tí ó ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ ṣì ní ìmọ́lẹ̀ tí ó pọ̀ tó láti fi ṣe nǹkan. Òjò ṣì lè rọ̀ nígbàkigbà, àtíbàbà kì í sì í jìnnà sí ọwọ́ ẹni tí ó bá ń ṣètò àjọ̀dún.

Ilé ìjọsìn tí ó wà lábẹ́ Ìjọ Áńgílíkà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó 16,000. Èyí tí ó lé ní 12,000 nínú wọn ni òfin kà sí ilé àbáláyé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti lo ju 500 ọdún lọ. Ta ni ń tọ́jú wọn? Ní ilẹ̀ Faransé, ìjọba ìlú àti ti abúlé ni ó ni púpọ̀ nínú àwọn ilé ìjọsìn tí ó ti wà kí òfin ọdún 1905 tó dé. Ní Jámánì, Ìjọba a máa bá àwọn ìjọ ńlá gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìjọ pẹ̀lú owó orí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà kan rí, wọ́n a máa bu owó ilé ìjọsìn lé gbogbo onílé lórí, ìbáà ṣe ọmọ ìjọ náà tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjà àti ẹjọ́ pọ̀ lórí rẹ̀, títí òfin ọdún 1868 fi fi òpin sí i. Láti ìgbà náà, ohun tí a kò lè fi ipá gbà mọ́, ẹ̀bẹ̀, ọgbọ́n àti iṣẹ́ ọwọ́ ni a fi ń wá a. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí èyí: nígbà tí ipá kúrò ńbẹ̀, ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn ilé náà kò wó.

Báwo ni wọ́n ti ń ṣe é? Ẹni méjì ni a máa ń yàn lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí wọ́dìn ìjọ. Kì í ṣe ọmọ ìjọ nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ láti yàn wọ́n. Ẹnikẹ́ni tí ó ń gbé ní àgbègbè náà, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀, lè wá sí ìpàdé náà kí ó sì dìbò. Ìgbìmọ̀ Ìjọ, tí òfin fún ní agbára ní ọdún 1921, ni ń mójú tó owó àti ilé. Ó sì di dandan fún un láti gbé ìṣirò owó tí a ti yẹ̀ wò wá síwájú ìpàdé ọdọọdún.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé gbogbo ètò náà ró ni ìwé pélébé kan tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Orúkọ ni ó kún inú rẹ̀: àwọn tí yóò to òdòdó, àwọn tí yóò gbálẹ̀, àwọn tí yóò nu idẹ, ẹni tí yóò ṣí ilẹ̀kùn ní òwúrọ̀ tí yóò sì tì í ní alẹ́, ẹni tí yóò ka Bíbélì, ẹni tí yóò po tíì, ẹni tí yóò gé koríko. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kéré. Ẹni tí ó to òdòdó ní ọ̀sẹ̀ yìí lè má tún kàn án títí oṣù méjì yóò fi kọjá. Ẹni tí kò bá ní ráàyè ni yóò wá ẹlòmíràn tí yóò dúró fún un. Kò sí owó oṣù, kò sí oyè. Orúkọ àti ọjọ́ nìkan ni ó wà ńbẹ̀.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, itẹ́ òkú tí ó yí ilé ìjọsìn ká ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jùlọ. Lónìí, ọ̀pọ̀ abúlé a máa dá apá kan ilẹ̀ náà sí láìgé koríko rẹ̀, kí òdòdó inú pápá lè tàn kí ó sì so èso. Ní ìparí oṣù keje tàbí nínú oṣù kẹjọ ni àwọn ènìyàn yóò pé jọ pẹ̀lú dòjé gígùn àti ọ̀kọ̀ọ̀kan irin ìkókoríkojọ, wọn yóò gé e, wọn yóò sì kó o kúrò. Nínú òrùlé, àwọn abo àdán ń bímọ ní àkókò náà. Láti ọdún 1981 ni òfin ti kọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni pa wọ́n tàbí lé wọn, nítorí náà àwọn agbálẹ̀ a máa fi aṣọ bo pẹpẹ, wọn a sì máa fi sùúrù gbá ìgbẹ́ àdán ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ní ilé agogo, wọ́n a máa kan àpótí fún ẹyẹ kan tí ó jọ alápàáǹdẹ̀dẹ̀, tí ń dé ní oṣù karùn-ún tí í sì í padà ní oṣù kẹjọ. Ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí ni ẹyẹ náà máa ń padà sí.

Iṣẹ́ àwọn alágogo tún yàtọ̀. Agogo mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lè wà lókè, ẹnì kan a sì di okùn ọ̀kọ̀ọ̀kan mú. Kì í ṣe orin ni wọ́n ń lù. Ètò ni wọ́n ń tẹ̀ lé, kí agogo kọ̀ọ̀kan máa pààrọ̀ ipò pẹ̀lú èkejì láìsí àṣìṣe. Ní ọdún 1668 ni a ti tẹ ìwé lórí ọgbọ́n yìí. Bí ẹnì kan bá kù, ètò náà kò pé. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, wọn a máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bí a ti ń di okùn mú. Àwọn kan nínú wọn kì í dúró gba ìsìn, ṣùgbọ́n agogo abúlé wọn ni, wọn kò sì fẹ́ kí ó dákẹ́.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni àjọ̀dún ìjọ máa ń bọ́ sí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ básà ìkórè yóò dá a mọ̀. A ó ta kéèkì àti jáàmù tí a ṣe nílé, ìwé tí a ti kà, irúgbìn inú ìkòkò, àti ohun èlò tí onílé kò fẹ́ mọ́. Àwọn ọmọdé a máa ju bọ́ọ̀lù lu àgbọn tí a gbé ka orí igi, ẹni tí ó bá sì lu ú ṣubú ni ó ni ín. Àgbọn tí a ń jẹ lásán níhìn-ín ti di ẹ̀bùn ńlá lọ́hùn-ún! Ní abúlé mìíràn, àwọn onílé a máa ṣí ọgbà wọn fún àlejò láti wò, owó ìwọlé a sì lọ sí àpò àtúnṣe òrùlé. Ní Sátidé kejì oṣù kẹsàn-án, àwọn ènìyàn a máa gun kẹ̀kẹ́ tàbí fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé ìjọsìn kan dé òmíràn, àwọn ojúlùmọ̀ wọn a sì san owó fún iye ibi tí wọ́n bá dé.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé tíì àti kéèkì ni gbogbo rẹ̀ mọ sí, ẹ jẹ́ kí á rántí abúlé Eyam ní Derbyshire. Ní ọdún 1665 àjàkálẹ̀ àrùn wọ ibẹ̀. Àlùfáà wọn, William Mompesson, pẹ̀lú Thomas Stanley tí ó ti ṣe àlùfáà wọn ṣáájú, bẹ àwọn ará abúlé kí wọ́n má ṣe sá lọ, kí àrùn náà má baà tàn dé ìlú mìíràn. Wọ́n gbà. Wọ́n ti ilé ìjọsìn, wọ́n ń sìn nínú àfonífojì ní gbangba, ará ilé kọ̀ọ̀kan sì ń sin òkú tirẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń gbé oúnjẹ wá sí ẹnu ààlà, àwọn ará Eyam sì ń fi owó sínú ọtí kíkan kí ó lè mọ́. Ènìyàn bí 260 ni ó kú kí àrùn náà tó tán ní ọdún 1666; ìyàwó Mompesson wà nínú wọn. Títí di òní, ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ó kẹ́yìn oṣù kẹjọ, àwọn ará ibẹ̀ a máa lọ sínú àfonífojì náà láti rántí wọn. Àwọn tí ó ti mọ ara wọn níbi iṣẹ́ kékeré ni ó lè gba ọ̀rọ̀ ara wọn gbọ́ ní ọjọ́ ńlá.

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, a tún ti gbogbo ilé ìjọsìn náà, a kò sì jọ́sìn nínú wọn ní gbangba títí di oṣù keje. Kò sí àjọ̀dún ní ẹ̀ẹ̀rùn náà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ abúlé, àwọn tí ó máa ń to òdòdó àti àwọn tí ó máa ń po tíì ni ó ń bá àwọn arúgbó ra oúnjẹ àti oògùn, nítorí pé wọ́n ti mọ ilé ẹni tí ó ń dá gbé.

A kò gbọdọ̀ fi ibi tí ó kù sí pamọ́ fún yín. Iye àwọn tí ń lọ sí ìsìn ti dín kù púpọ̀. Àlùfáà kan lè máa bójú tó ilé ìjọsìn márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olè a máa gun òrùlé lóru láti ká òjé tí a fi bò ó. Ilé ìjọsìn tí ó lé ní 900 ni ó wà nínú ìwé àwọn ilé àbáláyé tí ó wà nínú ewu. Èyí tí ó burú jùlọ ni pé ní ibi púpọ̀, orúkọ tí ó wà lára ògiri kò pọ̀ mọ́: arúgbó mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ó ń pín gbogbo iṣẹ́ láàárín ara wọn. Ibi tí a kò ti kọ́ ọmọ, nígbà tí ọwọ́ àgbà bá rọ, ilẹ̀kùn yóò tì.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ohun tí ó wà lára ògiri wọn yẹn kì í ṣe tuntun sí wa. Àáró ni, tí a kọ sínú ìwé. Àwọn baba wa fi àáró ro oko, wọ́n fi ọ̀wẹ̀ bo ilé, àwọn ẹgbẹ́ sì yẹ ọ̀nà odò. Lónìí owó ni a mọ̀ ọ́n dá. Ní ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ilé, ọkọ̀ a kún ojú pópó, olúkúlùkù a ké iye owó tirẹ̀ síta. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ta ni ń gbá gbọ̀ngàn náà? Ta ni ó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìkàwé wà? Ta ni ó ń ro àyíká ilé ìgbẹ̀bí kí ejò tó wọ̀ ọ́? Owó a máa kọ́ ilé, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tí a bá pè ní ti gbogbo wa láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i, kò ní olùtọ́jú.

Nítorí náà a fi ìrẹ̀lẹ̀ dábàá ohun mẹ́rin. Èkínní, kí a lẹ ìwé orúkọ àti ọjọ́ mọ́ ara gbọ̀ngàn ìlú, ilé ìgbẹ̀bí, ilé ìkàwé àti ẹ̀rọ omi, kí iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan má ju òwúrọ̀ ọjọ́ kan lọ láàárín oṣù méjì. Èkejì, kí ìwé náà wà fún gbogbo ọmọ ìlú àti àlejò tí ń gbé àárín wa, láìbéèrè ẹ̀sìn tàbí agboolé. Ẹ̀kẹta, kí àgbà kọ̀ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ mú ọ̀dọ́ kan dání, kí ọgbọ́n náà má baà bá àgbà lọ sí ọ̀run. Ẹ̀kẹrin, kí akápò ka ìṣirò owó ilé kọ̀ọ̀kan sí etígbọ̀ọ́ ìpàdé yìí lọ́dọọdún, títí dórí owó ìgbálẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn tiwa ń bọ̀, nígbà tí ọ̀nà yóò gbẹ tí àwọn ọmọ ìlú yóò sì wálé fún ọdún. Ìgbà náà ni ó yẹ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Akọ̀wé Ẹgbẹ́ ti gbà láti tọ́jú ìwé àkọ́kọ́, ti gbọ̀ngàn ìlú, sórí tábìlì tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà. A bẹ̀ yín kí ẹ fi orúkọ yín sí i kí ẹ tó lọ jẹun.

Kí Olódùmarè bá wa tún ìlú wa ṣe.