Ìṣòwò Nínú Eré Hubert Ògúndé

Hubert Ògúndé, ọmọ Òṣóṣà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ti ṣe tíṣà, ó ti ṣe ọlọ́pàá, kó tó dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀ ní Èkó ní 1945. Eré inú ìjọ Aládùúrà ló fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Ó yọ eré kúrò lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ ọ́ di iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi bọ́ ilé, nígbà tí àwọn aráàlú ṣì ń pe òṣèré ní alágbe.

Òǹwòran kò wọ́n ọn. Òṣèrébìnrin ló nira láti dá dúró, nítorí èyí tó bá mọ eré tán lè lọ sílé ọkọ, kí ọkọ má sì gbà kó padà sórí ìtàgé. Ògúndé fẹ́ púpọ̀ nínú wọn fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ wọn náà sì di òṣèré. Ọ̀nà yẹn kì í ṣe èyí tó yẹ kí oníṣòwò òde òní tọ̀, àmọ́ ìṣòro tó bí i wà níbi gbogbo tí ọ̀gá bá ti fara ṣiṣẹ́ kọ́ni, tí ẹni tó kọ́ sì ń bá ibòmíràn lọ.

Ní 1964, ìjọba agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn fòfin dè é nítorí eré *Yorùbá Ronú*. Agbègbè yẹn sì ni ọjà rẹ̀ tó tóbi jù. Eré náà ti wọ inú rẹ́kọ́ọ̀dù, òfin kò sì dé Èkó àti àwọn agbègbè yòókù, ibẹ̀ ló ti ń jẹun títí ìjọba ológun fi fagi lé òfin náà ní 1966. Oníbàárà tó wà níbi púpọ̀ ló gbà á là. Òkìkí nìkan ì bá má tó o.

Nígbà tí sinimá dé, ó gbé *Aiyé* jáde ní 1979 àti *Jáiyésinmi* ní 1980. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í fi fíìmù lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Wọ́n ń gbé e káàkiri láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, ará ilé wọn sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà gba owó ìwọlé. Ó ń rẹni, ṣùgbọ́n ẹ̀dà fíìmù kò pọ̀ nílẹ̀, ẹni tó ṣe é ló sì mọ iye tó wọlé.

Aláwàdà Bàbá Sàlá, Moses Ọláìyá, rí òdìkejì rẹ̀. *Ọ̀run Móoru* tó ṣe ní 1982 bọ́ sọ́wọ́ àwọn aṣàdàkọ, fídíò rẹ̀ kún ìgboro, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó ṣì ṣe sinimá mìíràn lẹ́yìn náà, àmọ́ owó rẹ̀ kò tún dà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.