Òkúta Tí Ń Jẹ́ Orúkọ Òrìṣà Àrá



Bí àrá bá sán ní Ọ̀fà, tàbí níbikíbi nílẹ̀ Yorùbá, orúkọ Ṣàngó ni ó máa ń wá sí àwọn àgbà lẹ́nu. Òkúta tí wọ́n sì gbà pé ó bá àrá bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ẹdùn àrá. Àwọn ará Norway náà ní òrìṣà àrá tiwọn láyé àtijọ́. Thor ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1828, Morten Esmark, ọmọ ilẹ̀ náà, rí òkúta dúdú kan ní erékùṣù Løvøya. Bàbá rẹ̀, Jens Esmark, fi í ránṣẹ́ sí onímọ̀ kan ní Sweden tí ń jẹ́ Berzelius. Berzelius rí i pé èròjà kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ wà nínú rẹ̀. Ó fi orúkọ Thor sọ ọ́ ní tóríọ́mù, òkúta náà sì ń jẹ́ tóráìtì.

Àádọ́rin ọdún kọjá kí aráyé tó mọ agbára tí ó fara pamọ́ sínú òkúta yìí. Ní 1898 ni Gerhard Schmidt ní Jámánì àti Marie Curie ní Paris, tí oníkálùkù ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, rí i pé tóríọ́mù ń tú ìtànṣán jáde, bẹ́ẹ̀ ni ojú kò rí ìtànṣán náà, ara kò sì gbọ́ ọ.

Ohun mẹ́ta ni ó para pọ̀ di tóráìtì: tóríọ́mù, sílíkónì àti ọ́síjìn. Sílíkónì àti ọ́síjìn yìí kan náà ni ó di iyanrìn etí odò. Ó lè dúdú, ó lè ní àwọ̀ ilẹ̀, ó sì lè pọ́n bí èèpo ọsàn. Ọ̀bẹ lè ha á, ṣùgbọ́n ó wúwo ju iyanrìn lásán lọ púpọ̀. Àwọn àgbà ní kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó wà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tóráìtì rí. Ìtànṣán tirẹ̀ ni ó ń tú ètò ara rẹ̀ ká láti inú wá, títí yóò fi dà bí dígí lásán. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò yá: iye tóríọ́mù yòówù tí ó bá wà lónìí, yóò gbà tó bílíọ̀nù ọdún 14 kí ìdajì rẹ̀ tó yí padà, òjé ni yóò sì dà níkẹyìn.

Kì í ṣe ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹni tí ó bá rántí fìtílà gáàsì tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí níbi ìnáwó yóò rántí àpò funfun kékeré tí iná rẹ̀ ń mọ́ yòò. Tóríọ́mù ni àwọn tí ń ṣe àpò náà láyé ìgbà náà ń lò kí ó lè mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní Nàìjíríà, òkè Jos ni tóráìtì wà, nínú akọ òkúta kan náà tí tánganran àti kólúmbáìtì wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ti ṣòwò ní Jos, tí wọ́n sì kọ́lé síbẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Jos kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò ní Ọ̀fà. Nígbà tí àwọn oníkùsà bá fọ tánganran tán, iyanrìn wíwúwo ni ó ń ṣẹ́kù. Tóráìtì àti àwọn òkúta onítànṣán mìíràn ni ó máa ń kó jọ sínú rẹ̀. Àwọn olùṣèwádìí ti wọn ìtànṣán ní agbègbè Bukuru àti Bisichi, wọ́n sì rí i pé ti ibi tí wọ́n da iyanrìn náà sí ga ju ti ilẹ̀ lásán lọ. Àwọn kan sì ti fi irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ kọ́lé.

Níhìn-ín ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Níbi tí Ọlọ́run fi tóráìtì sí nínú àpáta, ó fọ́n ká, ewu rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ń kó o jọ. Apá kan nínú ìtànṣán rẹ̀ kò lè la awọ ara kọjá, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fa eruku rẹ̀ símú, inú ẹ̀dọ̀fóró ni yóò ti máa ṣọṣẹ́. Apá kejì a máa la ògiri kọjá, onílé kò sì ní mọ̀.

Láti ọdún 2001 ni àjọ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìtànṣán ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ojú àjọ kò lè tó gbogbo ilé. Ẹni tí ó fẹ́ ra iyanrìn ìkọ́lé ní agbègbè kùsà, kí ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n ti wà á. Bí ó bá dúdú, tí ó sì wúwo ju bí iyanrìn ṣe yẹ lọ, kí ó má ṣe gbé e wọlé. Ẹdùn àrá a máa pariwo kí ó tó bọ́. Tóráìtì kì í pariwo.