Ọ̀rọ̀ Lórí Eyín Tí Ó Gun Ara Wọn àti Bí A Ti Ń Tò Ó
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú ìlú wa)

Àwa ọmọ ìlú yìí tí a ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú eyín ni ìgbìmọ̀ ní kí a wá sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n sì ní kí a sọ̀rọ̀ lé lórí ni eyín tí ó gun ara wọn, àti ike mímọ́ gaara tí àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí fi ń tò ó, èyí tí wọ́n ń pè ní aláínà. Bí a ti gbọ́, ọ̀rọ̀ náà ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé mélòó kan. Ọmọ a ní òun fẹ́ to eyín, bàbá a ní owó ilé-ìwé ni òun ní, òun kò ní owó ẹwà. A kò wá láti gbè sẹ́yìn ẹnì kan. A wá sọ ohun tí a mọ̀, kí bàbá àti ọmọ lè fi ìmọ̀ jiyàn.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a ya èjí sọ́tọ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àlàfo tí ó wà láàrin eyín méjì iwájú lókè kì í ṣe àbùkù ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹwà ni, a fi ń yin ènìyàn, a sì mọ̀ pé àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ní kí a fi ọwọ́ dá a sí àwọn lẹ́nu. Ó máa ń dùn wá nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin kan bá wá bá wa pé kí a dí èjí òun, kìkì nítorí pé ó rí àwòrán àwọn òṣèré ilẹ̀ òkèèrè tí eyín wọn tò bí hóró àgbàdo. A kì í kọ̀ fún un bí ó bá tẹnu mọ́ ọn, nítorí ẹnu rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n a máa ń ní kí ó kọ́kọ́ lọ bi ìyá rẹ̀ àgbà léèrè. Ohun tí a wá sọ lónìí yàtọ̀ sí èyí. Eyín tí kò rí àyè ni: ọ̀kan wà lẹ́yìn, òmíràn wà níwájú, ọ̀kan kọjú sí ẹ̀gbẹ́, èkejì gùn ún.

Ẹnu àgbàlagbà a máa ní eyín 32 bí gbogbo rẹ̀ bá hù. Bí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá kéré tí eyín sì tóbi, wọn kò lè ṣàì fún mọ́ra, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn mẹ́wàá tí ó jókòó lórí àga ènìyàn mẹ́fà. Àbímọ́ ni èyí lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí ọwọ́ àwa òbí wà nínú rẹ̀. Bí eyín ìgbà èwe bá jẹrà, tí a sì yọ ọ́ kí àkókò tí yóò bọ́ fúnra rẹ̀ tó pé, àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè sún wọ àyè rẹ̀, nígbà tí eyín àgbà bá sì ń bọ̀, kò ní rí ibi dúró sí. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ máa ń wí pé eyín tí yóò bọ́ náà ni, kò sí ewu bí ó bá jẹrà, ẹ jọ̀wọ́, ewu wà.

Àwọn ènìyàn tún máa ń di ẹ̀bi ru eyín ìkẹyìn tí ó ń hù láàrin ọdún 17 sí 25. Wọ́n ní òun ni ó ń ti àwọn yòókù. Ìwádìí kò gbè é lẹ́sẹ̀. Eyín iwájú ìsàlẹ̀ a máa fún mọ́ra díẹ̀díẹ̀ bí ọjọ́ orí ti ń lọ, ìbáà ṣe lẹ́nu ẹni tí ó ní eyín ìkẹyìn, ìbáà ṣe lẹ́nu ẹni tí kò ní. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gba owó yín láti yọ ọ́, tí kò sì rí àwíjàre kan ju pé kí eyín iwájú má baà wọ́, ẹ bi í ní ìdí mìíràn.

Ǹjẹ́ eyín tí ó gun ara wọn ń pa ènìyàn lára bí? A kò ní bù mọ́ ọn. Ẹni tí eyín rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń fi sùúrù fọ̀ wọ́n, lè dàgbà dàrúgbó láìpàdánù ọ̀kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Oúnjẹ a máa há sí kọ̀rọ̀ tí orín tàbí búrọ́ọ̀ṣì kò dé, ìdọ̀tí a máa le bí òkúta sí ìdí eyín, ẹran ìdí eyín tí a ń pè ní erìgì a wú, a sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Ti ọkàn náà tún wà níbẹ̀. A mọ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, tí wọn kì í fẹ́ dìde dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì, tí wọ́n ń pa ẹnu dé nínú gbogbo àwòrán ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n wọn. Ẹ̀yin baba wa, kí ẹ tó pe irú èyí ní ọ̀rọ̀ ẹwà lásán, ẹ wo ọmọ náà dáadáa bí ó bá ń rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ títo eyín kì í ṣe ohun àná. Ní 1728 ni Pierre Fauchard, ará ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ eyín jáde, ó sì ṣàpèjúwe irin pẹlẹbẹ tí a ń so mọ́ eyín láti fi fẹ àyè. Ní 1899 ni Edward Angle, ará Amẹ́ríkà, pín eyín tí kò pàdé dáradára sí ìsọ̀rí mẹ́ta, tí a ṣì ń lò. Ní 1945, H. D. Kesling fi rọ́bà ṣe ohun tí a ń ki bọ eyín láti fi parí títò rẹ̀, ó sì rò ó pé bí a bá ń pààrọ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, a lè fi rìn jìnnà. Èrò rẹ̀ ní láti dúró de kọ̀ǹpútà. Ní 1997 ni Zia Chishti àti Kelsey Wirth, tí wọ́n jọ wà ní Yunifásítì Stanford, dá ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe Invisalign sílẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà sì fi àṣẹ sí i ní 1998. Láti 2017 tí ẹ̀tọ́ ìdásílẹ̀ tí wọ́n ní lórí púpọ̀ nínú ọgbọ́n iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí parí, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ń ṣe é pọ̀ sí i.

Ẹ lè bi wá pé, báwo ni ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe lè ti eyín tí ó ń fọ́ egungun? Eyín kì í ṣe ìṣó tí a kàn mọ́ pákó. Láàrin gbòǹgbò rẹ̀ àti egungun tí ó dì í mú ni àwọn okùn tín-ín-rín wà, ẹ̀jẹ̀ sì ń dé ibẹ̀. Bí a bá fi agbára díẹ̀ ti eyín sí apá kan, tí a kò sì jẹ́ kí ó sinmi, ara a máa jẹ egungun tí ó wà níwájú rẹ̀, a sì máa mọ egungun tuntun sí ẹ̀yìn rẹ̀. A ń wó ògiri níwájú, a ń mọ òmíràn lẹ́yìn, onílé kò sì jáde. Ìdí nìyí tí ó fi ń pẹ́. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ipá kò fi dára, nítorí ẹni tí ó bá kánjú tì í lè mú kí gbòǹgbò kúrú, tàbí kí eyín bẹ̀rẹ̀ sí mì.

Dókítà a kọ́kọ́ yẹ erìgì wò, a sì ya àwòrán X-ray kí ó lè rí gbòǹgbò àti egungun. Eyín tí ó jẹrà, a ó tọ́jú rẹ̀; ìdọ̀tí tí ó ti le, a ó ha á kúrò. Lẹ́yìn èyí ni a ó gba àwòrán ẹnu sínú kọ̀ǹpútà, tí a ó sì pín ìrìn eyín sí ìpele kéékèèké. Ike kọ̀ọ̀kan kì í sábà ti eyín kan ju mìlímítà 0.25 lọ. A ó lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, a ó sì wọ èyí tí ó tẹ̀ lé e. Bí ike 20 bá wà, tí a ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ 40 nìyẹn, láìka àwọn ike àtúnṣe tí ó sábà máa ń kẹ́yìn. Nígbà púpọ̀ dókítà a tún lẹ kókó kéékèèké, tí àwọ̀ wọn dà bí ti eyín, mọ́ ojú eyín kí ike lè rí ohun dì mú. Nítorí náà ẹni tí ó ń retí pé ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ rárá, ìrètí rẹ̀ pọ̀ jù.

Wàyí o, ibo ni àyè yóò ti wá? Ìbéèrè yìí ni kí ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Bí ìfúnmọ́ra náà bá kéré, a lè tẹ eyín síta díẹ̀, tàbí kí a ha ẹ̀gbẹ́ wọn, tí kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ láàrin eyín méjì. Bí ó bá pọ̀, a lè ní láti yọ eyín, nígbà náà wáyà ni a sábà máa ń yàn. Ẹni tí ó bá wí pé òun yóò to eyín tí ó fún mọ́ra gidigidi láìwá àyè níbì kankan, yóò ti eyín náà jáde kúrò nínú egungun ni, erìgì yóò sì fà sókè kúrò ní ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ìfaradà, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti ń bàjẹ́ jù. Wákàtí 20 sí 22 ni ike gbọdọ̀ wà lẹ́nu lójoojúmọ́. A kì í fi jẹun, a kì í fi mu tíì gbígbóná, nítorí ooru a máa sọ ọ́ di wíwọ́; omi tútù nìkan ni a lè fi mu. Ẹ rò ó wò ní ìlú tiwa yìí! Ẹni tí ó ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà láti àárọ̀ dalẹ́, tí ó ń gé obì nídìí ayò, nígbà wo ni ike yóò wà lẹ́nu rẹ̀? Ní òde àríyá ni púpọ̀ ike ti ń sọnù: wọn a bọ́ ọ, wọn a fi bébà wé e sí ẹ̀gbẹ́ àwo, ẹni tí ń palẹ̀ mọ́ a sì kó o dànù pẹ̀lú egungun. Ẹ máa gbé àpótí rẹ̀ dání. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ fọ eyín kí ẹ tó dá a padà, nítorí ṣúgà tí ike bá bò mọ́lẹ̀ yóò rí àyè ba eyín jẹ́.

Ohun tí ó jẹ wá lógún jù lọ ni àwọn tí ń tà á bí ẹni ń ta bàtà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ ọdún 23, wá bá wa ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní, “Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, eyín mi ń mì.” Ẹnì kan tí kì í ṣe oníṣègùn ni ó gba àwòrán ẹnu rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, tí ó sì kó ike 14 fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí X-ray, kò sí ẹni tí ó wo erìgì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àrùn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ó ń jẹ egungun. A gba eyín náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba oṣù púpọ̀, owó tí ó sì ná lé ohun tí wáyà ìbá ná an. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú èyí wà. Ní Amẹ́ríkà, SmileDirectClub, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2014 tí ó sì ń fi ike ránṣẹ́ sí ilé oníbàárà, kógbá sílé ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ó sì fi ọ̀pọ̀ ènìyàn sílẹ̀ láàrin ọ̀nà. Ní Nàìjíríà, Medical and Dental Council of Nigeria ni ó ń forúkọ oníṣègùn eyín sílẹ̀. Ẹ bèèrè ìforúkọsílẹ̀ ẹni tí yóò fọwọ́ kan ẹnu yín. Ojú kò tì wá bí ẹ bá bèèrè tiwa. Kí ẹ sì gba ẹ̀dà àwòrán ẹnu yín àti ètò ìtọ́jú náà pamọ́, kí dókítà mìíràn lè rí ibi tí a bá iṣẹ́ dé.

Ọjọ́ tí ike ìkẹyìn bá bọ́, iṣẹ́ kò tíì parí. Àwọn okùn ìdí eyín tí a fà kò gbàgbé ibi tí wọ́n ti wá, wọn a sì máa fa eyín padà. Nítorí náà ni a fi ń fúnni ní ike amúdúró, tí a ó máa wọ̀ lóru níwọ̀n ìgbà tí a bá fẹ́ kí eyín wà bí a ti tò ó. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìyẹn ni pé títí ayé. Ike náà a máa gbó, a ó máa ra òmíràn. Ẹ kà á mọ́ owó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ti owó, aláínà sábà máa ń wọ́n ju wáyà lọ, kò sì sàn jù ú. Eyín tí ó yí púpọ̀, tàbí tí a ní láti fà gùn, wáyà a máa tètè ṣe é, kò sì sí pé a gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì. Ọ̀dọ́ tí kò bá ní ju owó wáyà lọ kò pàdánù nǹkan kan. Ọmọ ọdún 20 tàbí 25 kò tíì pẹ́ jù, bí erìgì rẹ̀ bá le. Egungun tí kò dàgbà mọ́ ni kò jẹ́ kí a lè fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí a ti lè fẹ ti ọmọdé.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni a ní sí ìgbìmọ̀. Bí ẹgbẹ́ bá tún ṣètò ọjọ́ ìyẹ̀wò ara lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú wa, kí a fi eyín kún un, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ọmọ ọdún méje, tí eyín àgbà àkọ́kọ́ ti ń hù lẹ́nu wọn. Tábìlì kan, àga méjì, omi àti ìmọ́lẹ̀ ni a ó bèèrè; àwa yóò mú àwọn yòókù wá. Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, a ó wà lábẹ́ ìbòòji níta títí ìpàdé yóò fi túká.