Ìṣákọ́lẹ̀ Epo Rọ̀bì: Ta Ni Yóò Ná Owó Àwárí?

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìkéde bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ



Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sì ni. Láti etíkun Sẹ̀nẹ̀gàl títí dé etíkun Nàmíbíà, àti ní ẹ̀bá adágún Albert ní Ùgáńdà, àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè ń wá epo rọ̀bì kiri. Àwọn ìjọba ń ké sí wọn, àwọn olówó sì ń pariwo pé ibẹ̀ ni ọrọ̀ ọ̀la wà. Àwọn ènìyàn wa wá ń bi wá léèrè pé: Ǹjẹ́ ó yẹ kí ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà fi owó ìlú sí iṣẹ́ àwárí epo? Bí epo bá sì jáde, báwo ni èrè rẹ̀ yóò ti ṣe dé ọwọ́ ẹni tí ó ni ilẹ̀? Ìdáhùn ẹgbẹ́ wa ni a mú wá síwájú yín.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní àwárí. Wíwá epo kò dà bí gbígbẹ́ kànga omi ní àgbàlá. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ a kọ́kọ́ rán ìró sí abẹ́ ilẹ̀ tàbí sí ìsàlẹ̀ òkun, wọn a sì fi bí ìró náà ti ń padà mọ bí àpáta ti tò lé ara wọn. Èyí kò fi hàn pé epo wà níbẹ̀. Ibi tí epo lè fara pamọ́ sí ni ó ń fi hàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ dájú, àfi kí ó lu ihò. Kànga kan ṣoṣo nínú ibú òkun lè gba 100 mílíọ̀nù dọ́là. Bí a bá sì lù ú tán tí kò sí epo, owó náà ti wọmi nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì lè dá a padà.

Ìtàn ilẹ̀ wa jẹ́rìí sí èyí. Ní 1908 ni ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Nigerian Bitumen Corporation bẹ̀rẹ̀ sí wá epo ní agbègbè Aráròmí, ní ìhà Òkìtìpupa. Nígbà tí ogun àgbáyé bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láìrí ohun tí wọ́n ń wá. Ní ọdún 1914 yìí kan náà ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin pé àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilé iṣẹ́ wọn nìkan ni ó lè gba àṣẹ láti wa epo ní ilẹ̀ wa. Ní 1938 wọ́n fún Shell D'Arcy ní àṣẹ láti wá epo káàkiri Nàìjíríà. Ó di 1956 kí wọ́n tó rí epo tí ó tó tà ní Oloibiri, ó sì di 1958 kí ọkọ̀ tó kó èyí àkọ́kọ́ lọ sí òkèèrè. Ẹ ka àwọn ọdún náà: láti 1908 dé 1956 jẹ́ ọdún 48. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, a kò pe ọmọ onílẹ̀ sí ìpàdé tí a ti pín ilẹ̀ rẹ̀. Kànga Oloibiri ti dákẹ́ láti nǹkan bí ogójì ọdún ó lé, ìlú náà kò sì di ìlú ọlọ́rọ̀.

Ohun méjì ni ìtàn yìí kọ́ wa. Èkíní ni pé àwárí epo jẹ́ òwò tí ó lè gbé gbogbo owó ẹni mì. Èkejì ni pé ẹni tí kò bá sí níbi tí a ti ń ṣe àdéhùn kò ní sí níbi tí a ti ń pín èrè.

Àwọn baba wa ti mọ ọ̀nà tí a fi ń yanjú irú ọ̀ràn yìí kí òyìnbó tó gúnlẹ̀. Àlejò tí ó bá fẹ́ dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, òun ni yóò wá irúgbìn, òun ni yóò ṣán igbó. Bí òjò bá kọ̀ tí ohun ọ̀gbìn sì kú, òun ni yóò ru òfò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oko bá so, dandan ni kí ó san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, ilẹ̀ náà kò sì di tirẹ̀ láéláé. Onílẹ̀ kì í ta aṣọ ọmọ rẹ̀ láti fi ra irúgbìn fún àlejò.

Ẹ wo bí Gánà ti ṣe é. Ní 1983 wọ́n dá ilé iṣẹ́ epo ti ìjọba sílẹ̀, ilé iṣẹ́ náà sì ń kó ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkun wọn jọ. Nígbà tí Kosmos Energy àti àwọn alájọṣe rẹ̀ rí epo ní 2007, ní ibi tí a ń pè ní Jubilee, àwọn àlejò ni wọ́n ti ná owó àwárí. Síbẹ̀, ìpín 10 nínú 100 ti wà nílẹ̀ fún Gánà láìná kọ́bọ̀ lórí àwárí náà. Lẹ́yìn tí a ti rí epo, tí òkùnkùn sì ti kúrò nínú ọ̀ràn, ni ìjọba fi owó kún un, tí gbogbo ìpín ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì di 13.64 nínú 100. Yàtọ̀ sí èyí, ìṣákọ́lẹ̀ ń bẹ, owó orí sì ń bẹ. Epo bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní Oṣù Kejìlá 2010. Ní 2011 wọ́n ṣe òfin tí ó sọ pé owó epo tí ìjọba lè ná lọ́dún kò gbọdọ̀ ju 70 nínú 100 lọ. Ìyókù yóò lọ sí àpò méjì: ọ̀kan fún ọdún tí owó epo bá wálẹ̀, èkejì fún àwọn ọmọ tí a kò tíì bí. Wọ́n sì yan ìgbìmọ̀ ará ìlú láti máa ṣọ́ owó náà, nínú èyí tí àwọn ọba, àwọn òṣìṣẹ́, àwọn akọ̀ròyìn, àwọn Kristẹni àti Mùsùlùmí ní aṣojú.

A kò sọ pé Gánà kò ní àléébù. Ní Oṣù Kejìlá 2022 wọ́n kéde pé àwọn dá sísan ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbèsè òkèèrè dúró. Àpò tí a tọ́jú dáradára kò lè gba ìjọba tí ń yá owó ju agbára rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nípa bí a ti í jẹ́ kí àlejò ru ewu àwárí, ẹ̀kọ́ wọn yè kooro.

Ẹ wá wo São Tomé, erékùṣù kékeré tí ó bá wa pààlà nínú òkun. Ní 2001 Nàìjíríà àti àwọn ará ibẹ̀ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò jọ máa pín ohun tí ó bá wà nínú òkun tí ó wà láàárín wọn, 60 fún Nàìjíríà, 40 fún wọn. Ní 2003 ilé iṣẹ́ ńlá kan fi 123 mílíọ̀nù dọ́là lélẹ̀ láti gba ẹyọ ibì kan ṣoṣo. Ìròyìn gba gbogbo ayé pé São Tomé yóò di ọlọ́rọ̀. Nígbà tí wọ́n lu kànga ní 2006, ohun tí wọ́n bá kò tó tà. Ìrètí ńlá náà rọlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: bí ó bá jẹ́ pé ìjọba erékùṣù náà ni ó fi owó ilé ìwé àti ti ilé ìwòsàn lu kànga yẹn, kí ni ì bá kù wọ́n kù?

Ti Ṣáàdì tún yàtọ̀. Wọ́n rí epo ní tiwọn, Báńkì Àgbáyé sì bá wọn dá sí i. Ọ̀pá epo tí ó gùn tó 1,070 kìlómítà ni a nà gba Kamẹrúùnù já sí òkun, epo sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn ní 2003. Òfin ti wà láti 1999 pé ẹ̀kọ́, ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀ wà lára ohun tí owó náà wà fún, a sì ní láti fi ìpín 10 nínú 100 pamọ́ fún àwọn ọmọ ọ̀la. Kò ju ọdún díẹ̀ lọ tí ìjọba yí òfin náà padà, tí ó sì fagi lé àpò àwọn ọmọ. Ní 2008 Báńkì Àgbáyé yọwọ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjọba yá owó tí ó ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ lọ́wọ́ oníṣòwò epo kan, tí ó sì fi epo tí ó ṣì wà nínú ilẹ̀ dúró. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní 2014, gbèsè gùn wọ́n lẹ́yìn. Òfin tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ dà bí ilé tí a fi itọ́ mọ. Ìrì ni yóò wó o.

Kí a tó fi ọwọ́ tọ́ka sí aládùúgbò, ẹ jẹ́ kí á wo ilé. Ní 2004 Nàìjíríà dá àpò kan sílẹ̀ fún àjẹṣẹ́kù owó epo rọ̀bì. Ní 2008 ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ju bílíọ̀nù 20 dọ́là lọ. Ní 2022 ohun tí ó kù níbẹ̀ kò tó mílíọ̀nù dọ́là kan. Nígbà tí a sì ṣe òfin tuntun lórí epo ní 2021, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kí a yọ 30 nínú 100 lára ìpín èrè tí ilé iṣẹ́ epo ìjọba ń rí nínú àwọn àdéhùn kan, kí a fi wá epo ní àwọn agbègbè tí a kò tíì rí i. Nínú òfin kan náà, ohun tí àwọn ìlú tí a ti ń wa epo rí gbà ni 3 nínú 100 ti owó tí àwọn awapo bá ná sórí iṣẹ́ wọn lọ́dún. Ọgbọ̀n fún ohun tí a kò tíì rí. Mẹ́ta fún àwọn tí omi wọn ti dúdú. A kì í gbé ẹran erin lérí kí á tún máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé bí ìjọba kò bá ná owó sí àwárí, àlejò ni yóò kó gbogbo èrè lọ. A dá wọn lóhùn pé àdéhùn ni ó ń dáàbò bo onílẹ̀, kì í ṣe owó tí ó jù sínú ihò. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ayé ti ń kọ epo sílẹ̀, pé oòrùn àti afẹ́fẹ́ ni a ó máa fi tan iná. Ní ti èyí, a kò gbà kí ẹni tí ó ti wa epo fún ọgọ́rùn-ún ọdún wá pàṣẹ fún ilẹ̀ tí òkùnkùn ṣì kún ilé rẹ̀ pé kó má wa tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń tajà gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ọjà yóò tú. Ùgáńdà rí epo ní 2006, ó sì di 2022 kí àwọn tí yóò wà á tó fi ẹnu ọ̀rọ̀ jóná lórí owó rẹ̀. Ọdún 16 ni yẹn. Ìjọba tí ó bá fi owó ìlú lé iṣẹ́ tí ó lè pẹ́ tó báyìí ń ta tẹ́tẹ́ lórí iye tí epo yóò máa jẹ́ nígbà tí àwọn ọmọ wa bá ti di àgbà.

Nítorí náà, ohun márùn-ún ni ẹgbẹ́ wa ń béèrè.

Èkíní, kí àwọn tí ń wá èrè ru ewu àwárí, kí ìpín orílẹ̀-èdè sì ti wà nínú àdéhùn kí a tó lu kànga àkọ́kọ́. Bí ìjọba bá fẹ́ ná owó, kí ó ná an sórí ìmọ̀ nípa ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó mọ ohun tí ó ní kì í tà á lọ́pọ̀.

Èkejì, kí a tẹ gbogbo ìwé àdéhùn jáde fún ará ìlú kà. Àdéhùn tí a ń fi pamọ́ fún onílẹ̀, olè ni a fi ń jà.

Ẹ̀kẹta, kí ìjọba kankan má ṣe yá owó lórí epo tí kò tíì jáde.

Ẹ̀kẹrin, kí a wọn bí omi, ẹja àti oko ti rí kí ẹ̀rọ tó dé, kí àwọn ará ibẹ̀ lè ní ẹ̀rí lọ́wọ́ bí ìbàjẹ́ bá ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí àwọn àlejò kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ Nọ́wè rí epo ní 1969, wọ́n fi dandan lé e pé kí àwọn ọmọ wọn mọ iṣẹ́ náà. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tí ẹ ní owó díẹ̀ lọ́wọ́: ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ fẹ̀yìn tì, ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin tí ẹ ń dá èsúsú. Bí ẹnìkan bá wá sọ fún yín pé kí ẹ fi owó ra ìpín nínú kànga tí a kò tíì lù, ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀, ẹ béèrè ẹni tí yóò san gbèsè bí kànga bá gbẹ, kí ẹ sì béèrè iye kànga tí ó ti lù rí. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ di àpò yín. Òwò tí ilé iṣẹ́ ńlá ń pàdánù 100 mílíọ̀nù dọ́là nínú rẹ̀ kì í ṣe ibi tí a ń tọ́jú owó ilé ìwé ọmọ sí.

Ẹ̀yin ará, ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Kí olúkúlùkù ẹ̀ka mú ohun márùn-ún wọ̀nyí lọ bá aṣojú rẹ̀ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, kí ó sì gba ìdáhùn rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀. Èyí tí ó bá fọwọ́ sí i, a ó tẹ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn yìí. Èyí tí ó bá kọ̀, a ó tẹ tirẹ̀ náà. Onílẹ̀ kì í bẹ àlejò kó tó béèrè ìṣákọ́lẹ̀.